Ojú Páìpù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Dí

Ìgbà páìpù onírin ni mo kọ́ṣẹ́ púlọ́ńbà n'Íbàdàn. A ó la eyín sẹ́nu páìpù, a ó wé òwú mọ́ ọn, a ó fi ọ̀dà kùn ún, kí a tó dè é pa. Ibi tí omi ìjọba bá dé niṣẹ́ wa ń dé nígbà náà. Omi Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n sé ní 1942 ló bọ́ àwọn tó kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́; nígbà tí ti Aṣejíre lórí odò Ọ̀ṣun dé ní 1972, iṣẹ́ ya wọlé.

Nígbà tó yá, omi ẹ̀rọ ń ṣe ségesège. Iná ọba kò dúró, páìpù abẹ́ ilẹ̀ gbó, ilé sì ń pọ̀ ju ibi tí páìpù dé lọ. Iṣẹ́ wa yí padà sí kànga ẹ̀rọ àti táǹkì orí òpó. Ẹni tó lówó ń gbẹ́ tirẹ̀, ẹni tí kò ní ń ru kẹ́ẹ̀gì kiri.

Ewu omi ẹ̀rọ tó ń ṣe ségesège kọjá ìnira. Ọ̀pọ̀ páìpù ilé gba inú gọ́tà kọjá. Bí omi bá ń sáré nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ojú ibi tó jò á máa tú omi síta, ẹ̀gbin kò ní ráyè wọlé. Lọ́jọ́ tí omi bá dá, ihò kan náà ni omi gọ́tà ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá tún ṣí omi, ó di inú ìkòkò ìyá ọlọ́mọ, bí wọ́n tilẹ̀ ti fi oògùn apakòkòrò sí omi náà.

Ẹ má sọ pé ìlú tálákà kò lè mú kí omi máa ṣàn láìdá. Ní 1993, ìlú Phnom Penh ní Kàǹbódíà ń pàdánù nǹkan bí 72 nínú 100 lítà omi tó ń tú sí páìpù, jíjò àti olè ló ń kó o lọ. Ek Sonn Chan di ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi ibẹ̀, ó pààrọ̀ páìpù, ó fi mítà sílé, ó gbowó lọ́wọ́ alágbára bí ó ti ń gbà á lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Kí ogún ọdún tó pé, òfò náà wálẹ̀ sí nǹkan bí 6, omi kò sì dá mọ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ, kí ẹ tó sé odò mìíràn, ẹ gba àwa púlọ́ńbà síṣẹ́ kí a dí ojú páìpù tó ń jò. Ẹ̀yin onílé, ẹ gbé páìpù yín kúrò nínú gọ́tà, kí ẹ sì san owó omi.