Yíyàn Ni Iṣẹ́, Gígé Kọ́

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan wà tí ìdáhùn rẹ̀ ti sú mi: "Ṣebí kọ̀ǹpútà wà, kí lo tún ń fi àlùmọ́gàjí ṣe?" Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, lẹ́nu ọ̀nà lẹ́kíṣọ̀, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn oní-fọ́tòkọ́pì ní Agbówó, ìbéèrè kan náà ni. Àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ béèrè. Wọ́n á kàn wo ẹrù mi, wọ́n á ní, "Ọmọbìnrin yìí, o mà ń kó ìdọ̀tí jọ o!" Ẹ jẹ́ kí n dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, kí n sinmi.

Kọ̀láàjì ni àwọn olóyìnbó ń pe iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Àwòrán àlẹ̀pọ̀ lèmi ń pè é. N kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kun ohunkóhun. Ìwé ìròyìn àtijọ́, kàlẹ́ńdà tí ọdún rẹ̀ ti lọ, páálí ọṣẹ, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àti àjákù àńkárá láti ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀, àwọn wọ̀nyí ni ọ̀dà mi. Mà á gé wọn, mà á tò wọ́n sórí páálí, tó bá tẹ́ mi lọ́rùn, mà á wá fi Top Bond tí mo fi omi là lẹ̀ wọ́n. Ẹ má fi ẹ̀kọ tàbí láfún lẹ̀ ẹ́ o! Kí ilẹ̀ tó mọ́, aáyán á ti bá yín jẹ ẹ́.

Ọ̀dọ̀ màámi ni mo ti ń rí ìwé ìròyìn. Àkàrà ni wọ́n ń dín níbí ní Ìbàdàn, kílò-kílò ni wọ́n sì ń ra ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di àkàrà fún oníbàárà. Kí wọ́n tó ya á, èmi á ti ṣí i wò láti ojú ewé kan sí èkejì. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá wù mí, mà á yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìjà wa nìyẹn láràárọ̀. "Ṣé àwòrán lo fẹ́ jẹ ni àbí àkàrà?"

N kì í gé ojú ènìyàn. Ẹnì kan ló ya fọ́tò yẹn, ẹnì kan ló sì ni ojú náà. Àwọ̀ lèmi ń wá. Mo ṣe àwòrán ìyá àgbà kan tó ń mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sọ́jà. Ara ìyá náà, òrùlé páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà ni mo fi ṣe é, láti inú kàlẹ́ńdà kan. Irun ọmọ náà, lẹ́tà dúdú gàdàgbà ti àkọlé ìwé ìròyìn ni. Odò tí wọ́n kọjá lórí rẹ̀, ìpolówó ilé ìfowópamọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti òkèèrè, ìyá àgbà lẹ máa rí. Tẹ́ ẹ bá súnmọ́ ọn, òrùlé ni.

Ìdáhùn mi nìyí o. Kọ̀ǹpútà mọ nǹkan gé jù mí lọ, ó sì yára jù mí lọ. Ṣùgbọ́n gígé kọ́ ni iṣẹ́ náà. Yíyàn ni. Mo lè fi ọjọ́ mẹ́ta wá àwọ̀ tó máa jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ìyá àgbà, kí n sì fi ìṣẹ́jú méjì gé e.

A kúkú ti mọ irú iṣẹ́ yìí tipẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún. Àrán ńbẹ níbẹ̀, òfì ńbẹ níbẹ̀, àńkárá náà ńbẹ níbẹ̀, wọ́n rán wọn léra, wọ́n rán ìgbátí sí wọn léteetí. Àwọn ìdílé mìíràn a máa fi aṣọ tuntun kún un bí ọdún ti ń yí po. Ta ló máa dúró níwájú egúngún kó ní àjákù aṣọ lásán ni? Ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀, kó bọ́ síta.

Lókè òkun, ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ gan-an, Ezra Jack Keats, ọmọ New York, tí wọ́n bí ní 1916. Ní 1940, ó gé fọ́tò ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan nínú ìwé ìròyìn Life, ó sì tọ́jú rẹ̀ fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Ó ti ń yàwòrán sínú ìwé àwọn ẹlòmíràn kó tó ṣe tirẹ̀. Ní 1962 ló tó gbé The Snowy Day jáde, ìwé àkọ́kọ́ tí òun nìkan kọ tó sì yàwòrán sí. Ọmọ inú fọ́tò yẹn ló wá di Peter, ọmọ tó ń ṣeré nínú yìnyín. Díẹ̀ ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti lẹ̀ mọ́ àwòrán náà, àfi bí ìwé àti aṣọ ṣe gba gbogbo ojú ewé. Yìnyín wínníwínní tó ń bọ́, rọ́bà ìpàwérẹ́ ló gé, tó fi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ojú ewé ibẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi wọ́n yíǹkì sí i. Ní 1963, ìwé náà gba àmì-ẹ̀yẹ Caldecott, èyí tó ga jù fún àwòrán inú ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní 45 ọdún nígbà náà. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ ti pẹ́ jù ní 200 level, ẹ rọra.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan, Njideka Akunyili Crosby, tí wọ́n bí sí Enugu ní 1983, ń fi fọ́tò inú ìwé ìròyìn Nàìjíríà àti ti ẹbí rẹ̀ ṣe ara ògiri, aṣọ àti ilẹ̀ inú àwòrán rẹ̀. Ní 2017, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur ní Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn tí àwa fi ń di ẹ̀pà ni o.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ti owó. Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ atẹ̀wétà kan rí àwòrán ìyá àgbà yẹn, wọ́n ní kí n ṣe 16 irú rẹ̀ fún ìwé ọmọdé. 90,000 náírà ni wọ́n fẹ́ san. Owó sukúù mi wà nílẹ̀ láìsan, ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí. Mo dé ọ́fíìsì, wọ́n gbé ìwé àdéhùn síwájú mi. Mo kà á. Àwòrán gan-an á di tiwọn, ẹ̀tọ́ àdàkọ á di tiwọn títí láé, wọ́n lè lò ó nínú ìwé yòówù láìbi mí, orúkọ mi kò sì ní sí níbì kankan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lò ó fún ìwé yìí nìkan, ẹ fi orúkọ mi sí i, kẹ́ ẹ sì dá àwòrán padà fún mi." Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ṣebí ìwé táwọn èèyàn jù nù lo fi ṣe é? Kí lo ná sí i?"

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, wà fún irú wa. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì lè di ti ẹlòmíràn pátápátá láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń na bírò sí mi. Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi títí láé ṣe? N kò gba bírò yẹn. Ọ̀gá pa fáìlì dé, ó ní ayàwòrán pọ̀ nígboro.

Mo sọ fún màámi lálẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n béèrè iye tó kù nínú owó sukúù. Wọ́n tún béèrè pé, "Ṣé wọ́n lè gbé ìyá àgbà yẹn sínú ìwé mìíràn láìsọ fún ẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n mi orí. "Àkàrà lèmi ń tà. N kì í ta agbada mọ́ ọn."

N kò ní parọ́ fún yín pé ó rọrùn. Káàdì ọjọ́ìbí àti pósítà ẹgbẹ́ ni mo fi tu owó sukúù jọ, mo sì san án pẹ̀lú owó ìtanràn. Lẹ́yìn ìgbà náà, olùkọ́ kan tó ń ṣe ìwé kíkà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní kí n ṣe àwòrán 6. 30,000 náírà ni, ó sì san án lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ mi wà lẹ́yìn ìwé náà, àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wà lọ́wọ́ mi. Kò tó 90,000, mo mọ̀. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo ṣì máa ń ṣírò rẹ̀.

Èmi ni mo ṣe èèpo ìwé tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ yìí, fọ́tòkọ́pì sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kì í wo àwọ̀ bí ojú wa ṣe ń wò ó. Pupa á di dúdú, búlúù tí kò jinlẹ̀ á pòórá, yẹ́lò á fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun. Nítorí náà, dúdú àti funfun ni mo fi yan gbogbo rẹ̀. Agbada, àkọlé ìwé ìròyìn ni. Èéfín, lẹ́tà kéékèèké inú ìpolówó ni, òun ló ń fúnni ní àwọ̀ eérú. Etí ìwé tí a gé máa ń yọ ìlà dúdú lójú ẹ̀rọ, mo bá fi ìwé ńlá tẹ àwòrán náà mọ́lẹ̀ mọ́jú. Èyí tí kò gbọ́, mo fi típẹ́ẹ̀sì pa á lórí kọ́pì àkọ́kọ́ kí a tó tún un yà.

Ẹni tó bá ní kàlẹ́ńdà àtijọ́ nílé, kó má sun ún o. Kó bá mi mú un wá sípàdé ẹgbẹ́. Àwọ̀ ewé ló wọ́n mi báyìí.