Ẹ Má Gba Ọmọ Odó Lọ́wọ́ Ìyá

Bí ẹ bá kúrò ní Ejìgbò, ẹ kò ní pẹ́ dé Másífà. Gbogbo agbègbè yìí ni wọ́n ti mọyì iyán. Àní òrìṣà tó fẹ́ràn iyán ni Ògìyán, tí ọba Ejìgbò ń jẹ́ oyè rẹ̀.

Ìyá méjì ni mo bá níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní 70 ọdún. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba garawa lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gba ọmọ odó, wọ́n ní kó máa sinmi. Ìfẹ́ ni o! Àmọ́ èèyàn méjì ló fà á sókè kó tó lè dìde. Èkejì jókòó sórí àpótí, ó ń bẹ iṣu. Ó dìde láìdi nǹkan kan mú, ó sì gbé ọmọ odó.

Láti bíi ọmọ 30 ọdún ni iṣan ara ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, èyí tí a kò bá sì lò ló ń yára dín kù jù. Iṣan yìí ló ń gbé wa dìde ní ṣáláńgá, òun ló ń dì wá mú tí a bá fẹsẹ̀ kọ. Ó ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mú egungun le.

Kò tíì pẹ́ jù. Lọ́dún 1990, àwọn dókítà ní Boston, Amẹ́ríkà, ní kí àwọn arúgbó tó tó ẹni 90 ọdún máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ fi àga tó dúró ṣinṣin ti ògiri. Ẹ dìde, ẹ rọra jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má sé èémí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a lo iṣan báyìí, ó kéré tán, ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí tí àyà ń dùn, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gba ẹrù tó wúwo lọ́wọ́ òbí yín, ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tí agbára wọn ká sílẹ̀ fún wọn. Kí n tó kúrò ní Másífà, ìyá Àbíjàn gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ kan péré ló fi di mí mú.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.