Aràn Inú Ẹja àti Oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì



Ní àkókò ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, ẹja ni ọ̀pọ̀ ilé ní Bantè ń wá ní ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ katikísímù, àwọn ìyá a máa bi wá pé: bí a bá la ẹja, tí a rí ohun funfun tín-ín-rín tó ká jọ nínú rẹ̀, ṣé ká sè é ni àbí ká dà á nù? Àwọn kan a ní májèlé ni, pé ẹni tó tà á ló fi sí i. Báyìí ni orúkọ obìnrin tó ń fi ẹja tọ́ ọmọ ṣe ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ya ìdin sọ́tọ̀ kúrò lára aràn. Ẹyin eṣinṣin ló ń di ìdin. Ẹja tó bá ní in kò yẹ fún jíjẹ. Aràn ní tirẹ̀ ti wà nínú ẹja láti inú omi. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú ẹja òkun, irú mákárò inú yìnyín, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Anisakis. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́ láàyè, ó lè gún ikùn, kí inú máa run ún gidigidi, kí ó sì máa bì. Bí a kò bá tètè yọ ìfun ẹja tó kú, aràn lè ti ibẹ̀ wọ inú ẹran ara rẹ̀.

Ní Holland, àwọn ènìyàn fẹ́ràn ẹja hẹ́ríǹgì láìsè. Ní 1960, van Thiel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé aràn yìí ló ń dá inú rírun sí wọn lára. Ní 1968, ìjọba pàṣẹ pé kí ẹja náà kọ́kọ́ dì gan-an nínú òtútù kí wọ́n tó tà á. Àìsàn náà dínkù púpọ̀, wọn kò sì lé apẹja kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Yìnyín tó ti yọ́ lójú ọ̀nà kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún wa. Iyọ̀, osàn wẹ́wẹ́ àti èéfín díẹ̀ kò tó. Ní ilé wa, bí ẹja bá ti wọlé ni a ń yọ ìfun rẹ̀, a sì ń sè é títí yóò fi máa ṣí kúrò lára egungun. Iná a máa pa aràn. Ṣùgbọ́n iná kò lè tún ẹja tó ti bàjẹ́ ṣe: oró inú mákárò tó bàjẹ́ kì í kú sínú ọbẹ̀, ó sì lè fa ara yíyún àti orí fífọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá wú lẹ́yìn tó jẹ ẹja, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Áńgẹ́lì Ráfáẹ́lì ní kí Tòbíà la ẹja, kí ó da ìfun rẹ̀ nù. Tòbíà sì sun ún kí ó tó jẹ. Ẹyín iná ni Jésù náà fi sun ẹja fún àwọn àpọ́sítélì létí òkun.

Ẹ̀yin tó ń tà, ẹ má fi ẹja tó bàjẹ́ pamọ́ sábẹ́ tuntun. Òfin keje kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tó ń rà, ẹ má fẹ̀sùn májèlé kan ọlọ́jà nítorí aràn. Òfin kẹjọ kọ ẹ̀rí èké. Tútù sì ni a ń ká ẹja: ẹ pe àwọn ọmọ yín sídìí ààrò, kí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré.

Kí Ọlọ́run bùkún oúnjẹ wa àti ọwọ́ tó sè é. Àmín.