Igbó Tí Mo Tà



Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, aládùúgbò mi kan, bàbá òyìnbó tí ó fẹ́ràn òdòdó, kan ilẹ̀kùn mi ní Longbridge. Ìwé ni ó mú lọ́wọ́. Ó ní wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sórí pápá kan tí ó wà nínú Green Belt, ìyẹn ilẹ̀ tútù tí ó yí London ká, tí òfin ń dáàbò bò láti ọdún 1938 kí ilé má baà gbà á tán. Ó ní kí n bá wọn fọwọ́ sí i pé a kò fẹ́. Mo ní kí ó fi ìwé náà sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi wà lórí tábìlì mi.

Nígbà tí mo ń wá owó àkọ́san ilé tí mo ń gbé yìí, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti ilé pé ẹnìkan fẹ́ ra igbó Ọ̀ṣun ìdílé wa, etí odò tí ìyá ìyá mi ti máa ń bu omi fún àwọn tí ń tọrọ ọmọ. Àwọn àgbà ti gbà. Ohùn tèmi ni ó kù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ti rí i pé ó dára, ẹ tà á." N kò dá Ifá. N kò tilẹ̀ béèrè iye igi tí ó wà níbẹ̀. Ìpín mi nínú owó náà wà lára ògiri ilé yìí.

Ta ni èmi, tí n ó sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó má kọ́lé? Becontree tí ó múlé gbè wá, oko ni ó pọ̀ jù níbẹ̀ kí ìjọba London tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé tí ó lé ní 25,000 síbẹ̀ ní ọdún 1921, fún àwọn òṣìṣẹ́ tí inú ilé ti há mọ́. Àwọn ọmọ tiwa náà ń wá yàrá tí apá wọn ká lónìí.

Ní ọjọ́ kẹta mo lọ sí igbó Hainault. Igbó ọba ni nígbà kan. Ní ọdún 1851, ilé aṣòfin fàṣẹ sí i pé kí ó má jẹ́ igbó ọba mọ́, wọ́n sì gé èyí tí ó pọ̀ jù nínú igi rẹ̀ láti fi sọ ọ́ di oko. Edward North Buxton ni ó jà fún ìyókù, títí tí wọ́n fi rà á fún aráàlú ní ọdún 1903. Kò sí olórìṣà níbẹ̀. Ìwé ni ó gbà á sílẹ̀.

Àwa a máa sọ pé òrìṣà ni ó ń ṣọ́ igbó rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Òṣogbo pàápàá, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ti ń jẹ igbó Ọ̀ṣun bọ̀ kí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Àdébísí Àkànjí tó dìde sí i. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2005. Hẹ́kítà 75 ni ó wà níbẹ̀ títí di òní. Igbó tiwa ní òrìṣà, kò ní ìwé.

Ní ti ilé, wọ́n ń kọ́ èyí tí yóò lé ní 10,000 sétí odò Thames ní Barking, lórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná àtijọ́. Ilẹ̀ tí a ti lò gbó ṣì lè gba ilé. Bí mo ti ro èyí ni ọwọ́ mi tó yá.

Mo fọwọ́ sí ìwé náà, mo dá a padà fún bàbá yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo pe ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ṣé odò yẹn ṣì ń ṣàn?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ó ń ṣàn, ṣùgbọ́n wọ́n ti dà á sínú gọ́tà lábẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ó ku ìrókò kan tí wọn kò tíì gé. Mo ní kí wọ́n bá mi béèrè iye tí wọn yóò ta ilẹ̀ ìdí rẹ̀.