Gbèsè Ilá ní Ìlú Salvador

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsílì, kò gbọdọ̀ fi mọ sí etíkun. Orí òkè ni apá kan ìlú náà wà, ìsàlẹ̀ lẹ́bàá omi ni apá kejì, ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda sì ti ń gbé èrò láàrin méjèèjì láti ọdún 1873. Àwọn Pọtogí ló tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1549, òun sì ni olú-ìlú Bùràsílì títí di ọdún 1763. Àdúgbò Liberdade, níbi tí mo gba yàrá sí, kì í sábà hàn nínú àwòrán tí wọ́n ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni òkè Curuzu wà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ti dá ẹgbẹ́ eléré kan sílẹ̀ ní ọdún 1974, tí wọ́n sọ ọ́ ní Ilê Aiyê. Ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti mọ̀ pé "ilé ayé" ni.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàdédé débẹ̀. Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun ilẹ̀ Yorùbá sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹrú, wọ́n sì kó wọn lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nagô. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tó wà láàrin wọn dìde sí àwọn olówó wọn. Malê ni ìtàn pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ wa "ìmàle" ni. Lẹ́yìn ìdìde náà, ìjọba lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọ ọkọ̀ padà. Àwọn àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn ló di Àgùdà Èkó, tí wọ́n kọ́ ilé sí Pópó Àgùdà.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò ní kí òru má gùn fún àlejò. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn tí mo ń ra nǹkan lọ́wọ́ wọn nìkan ló gbọ́ ohùn mi, èdè Pọtogí tí mo sì kọ́ nínú fóònù kò ju "ẹ ṣé" àti "èló ni?" lọ. Màmá tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ló bá mi já okùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Ó kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé àwo ẹ̀wà dúdú tó fi ẹran sè lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Minha filha, jẹun." Ọmọ mi ló pè mí.

Ní Bahia, bíi tiwa, ẹni tó ní ẹ̀kọ́ ilé kì í dá àwo aládùúgbò padà lófìfo. Mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mo bù ú sínú àwo náà, mo gbé e lọ. Láti ìgbà náà, n kò lè ka iye ìgbà tí àwo ọ̀hún ti ré títì kọjá.

Kí ẹni tó bá ń bọ̀ mọ ohun kan. Àwọn ará Bahia a máa sọ pé "Apareça lá em casa", ìyẹn "ẹ yọjú sílé wa o", fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé nínú ọkọ̀, láìdá ọjọ́, láìjúwe ilé. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣebí àwa náà ń sọ fún ẹni tó bá wa nídìí oúnjẹ pé "ẹ wá jẹun", tí òun náà á dáhùn pé "á gba ibi ire o", tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ìkíni ni. Ìpè gan-an ní ọjọ́, ó ní wákàtí, ẹni tó pè yín á sì tún béèrè lọ́jọ́ kejì bóyá ẹ ń bọ̀ lóòótọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin aláṣọ funfun a pàtẹ acarajé sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àkàrà wa ni: ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a fi epo pupa dín. Ṣùgbọ́n wọ́n ń là á sí méjì, wọ́n ń fi edé gbígbẹ àti ọbẹ̀ vatapá sí i láàrin. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ ní gbígbóná, ọ̀rọ̀ ata ni wọ́n ń sọ. Ní ọdún 2005, ìjọba Bùràsílì forúkọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà.

Ohun kan rọ̀ mọ́ inú rere yìí tó ń wúwo lọ́rùn mi. Nígbà tí àdúgbò gbọ́ pé Yorùbá ni mí, àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí mú ọ̀rọ̀ wá bá mi: ọ̀rọ̀ inú orin tí ìyá ìyá wọn kọ́ wọn, tí ohùn ti bọ́ kúrò lára rẹ̀. Mo mọ òmíràn, mo bá òmíràn tì. Wọ́n gbà mí bí ọmọ tó ti ìlú baba wọn dé, bẹ́ẹ̀ àwọn baba tèmi kò wọ ọkọ̀ ojú omi náà. Ilé ni wọ́n wà. Kí ni mo ṣe tí irú àpọ́nlé bẹ́ẹ̀ fi tọ́ sí mi? Mo bi màmá léèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá bá òun bó ẹ̀wà.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe ọdún Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ ìbejì inú ìjọ Àgùdà, tí ọ̀pọ̀ ará Bahia so pọ̀ mọ́ ìbejì tiwa. Ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru ni oúnjẹ ọjọ́ náà. Ọmọ kékeré méje ni yóò kọ́kọ́ jókòó nílẹ̀ yí ọpọ́n kan ká, tí wọn yóò fọwọ́ jẹ ẹ́, kí àgbà tó fẹnu kan tirẹ̀. Èmi wà lára àwọn tó gé ilá láti òwúrọ̀. Wọ́n a máa fi odindi ilá díẹ̀ sílẹ̀ láìgé. Ẹni tí ọ̀kan bá bọ́ sí àwo rẹ̀ ni yóò se caruru lọ́dún tó ń bọ̀.

Àwo tèmi ni ọ̀kan bọ́ sí. Gbogbo ilé hó yèè. Màmá ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe, n kò gbọdọ̀ lọ. Oṣù Kejìlá ni àdéhùn ilé mi yóò parí, mo sì ti ń wo iye owó ọkọ̀ òfuurufú sí Èkó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń di gbèsè ru àlejò. Ẹni tí wọ́n bá retí pé yóò se oúnjẹ fún àwọn ọmọ àdúgbò lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n ti kà á mọ́ ara wọn.

Mo ti bá onílé sọ̀rọ̀, ó sì ti fi oṣù méjìlá kún àdéhùn náà. Ìyá mi ní Ìbàdàn kọ́kọ́ bínú lórí fóònù, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ilá ibẹ̀ ń fà dáadáa. Ó ń fà. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹsẹ̀ yín bá gba Bahia kọjá lọ́dún tó ń bọ̀, ìpè gan-an nìyí, ó ní ọjọ́: ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ní òkè Curuzu. Ẹ tètè dé, ilá tí a óò gé pọ̀.