ÀLEJÒ TÍ HÒTẸ́Ẹ̀LÌ LÉ LẸ́NU Ọ̀NÀ L'ÉKÒÓ

Ẹni tó bá ti rìnrìn àjò ọjà rí mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹrù kọ́ ló ń wúwo lórí ènìyàn. Ibi tí onítọ̀hún máa sùn ni. Owó lè wà lápò, oúnjẹ lè wà nínú igbá, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó máa sọ pé "Ẹ kú àbọ̀, ẹ wọlé," ìlú yòówù kó tóbi tó, igbó ni lójú ẹni náà. Àwọn àgbà kò parọ́ nígbà tí wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gba àlejò sílé gbọ́. Èkó ló ti ṣẹlẹ̀, lóṣù kejì ọdún 1947. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, ó dára ká kọ́kọ́ mọ bí àlejò ṣe ń ríbi sùn kí òyìnbó tó kó hòtẹ́ẹ̀lì dé.

Láyé àtijọ́, ta ló ń sanwó yàrá? Ilé ẹbí, ilé ará ìlú ẹni tàbí ilé oníbàárà ni àlejò ń wọ̀ sí. Àwọn Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló tó ń gbé aṣọ káàkiri, tí wọ́n ń tà á láwìn, kò lè dé ìlú onílùú kí wọ́n má ní onílé kan tó máa sọ fún ará àdúgbò pé, "Mo mọ ọkùnrin yìí o." Onílé yẹn ló ń fún un ní yàrá, òun náà ló ń tọ́ka ẹni tó máa ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn Hausa oníṣòwò màlúù àti obì. Ní Sábó n'Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1916, baálé tí wọ́n ń pè ní máígídá ló ń gba oníṣòwò sílé. Á fún un lóúnjẹ, á bá a wá ẹni tó máa ra ọjà, á sì dúró fún ẹni tó bá rà á láwìn. Kò gba owó yàrá rárá. Orí ọjà tí wọ́n bá tà ló ti ń rí tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ńlá ni? Ibi tí oníṣòwò sùn sí ni òwò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èkó gan-an, ìlú àlejò ni látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé kóra jọ sí Olówógbowó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́lé sí Pópó Àgùdà. Àwọn ọmọ ogun Hausa tí ìjọba ṣí nípò wá ibòmíràn, ibẹ̀ náà ló di Ọbalénde, ìyẹn ni pé ọba ló lé wọn débẹ̀. Abájọ tí wọ́n fi ń sọ pé Èkó gbolè, ó gbọ̀lẹ.

Láti ojú òkun, kò rọrùn láti wọ Èkó nígbà náà. Yanrìn tó wà lẹ́nu òkun kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ojú agbami ni ọkọ̀ máa dúró sí. Wọn á kó èrò sínú àga onígi kan tó dà bí àpótí, tí wọ́n ń pè ní mámì-ṣíà. Wọn á fi ẹ̀rọ gbé e sókè, wọn á sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń bì síhìn-ín bì sọ́hùn-ún. Ẹni ńlá, ẹni kékeré, àyà gbogbo wọn ló ń já. Ìgbà tí wọ́n fi òkúta ṣe ògiri sínú òkun ni ọkọ̀ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ní bíi 1914. Rélùwéè ti Èkó dé Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901, àlejò sì ti ń ya wọ ìlú láti òkè àti láti òkun.

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì. Òyìnbó ní Ìkòyí tirẹ̀, ó ní kúlọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó sì ní ilé ìwòsàn tirẹ̀. Aláwọ̀ dúdú, bó kàwé kó kàwé dójú àmì, ó di dandan kó mọ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó máa wọ̀ sí.

Bristol Hotel wà ní Martins Street láàárín ìlú. Ará Gíríìkì ló ni ín. Lóṣù kejì 1947, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ivor Cummings ń bọ̀ l'Ékòó. Dókítà ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì òyìnbó ni ìyá rẹ̀, England ni wọ́n sì bí i sí ní 1913. Kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ o. Colonial Office, iléeṣẹ́ tó ń ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un. Orúkọ òyìnbó ni hòtẹ́ẹ̀lì rí nínú ìwé, wọ́n sì gbà á. Nígbà tó yọjú, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n ní kò sí yàrá fún un.

Ẹ gbọ́ ná! Kí ọkùnrin yìí tó wọ Colonial Office, kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ilé àlejò ló ń tọ́jú! Aggrey House ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Áfíríkà àti erékùṣù Caribbean ń gbé, òun ni wọ́n fi sídìí rẹ̀. Ìdí tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi wà ni pé ọ̀pọ̀ onílé Lọ́ńdọ̀nù kì í fẹ́ rí dúdú lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ohun kan náà ló mú kí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní 1925, rin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ká láti tọrọ owó ilé. Àwọn ènìyàn dáwó, WASU sì ṣí ilé tirẹ̀ ní 1933. Ẹni tó ti wá ilé fún ọmọ ọlọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù wá dé Èkó, ilẹ̀ àwọn dúdú, ó sì di ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́.

Ìlú gbaná jẹ. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọn kì í rẹ́rìn-ín síra wọn para pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n pè ní United Front Committee. Kò pẹ́ rárá tí ìjọba Gómìnà Arthur Richards fi kọ̀wé síta pé òun kò fẹ́ kí wọ́n máa ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ mọ́.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Bó bá jẹ́ télọ̀ kan láti Ṣàgámù ni wọ́n lé, tàbí ìyá aláṣọ kan láti Ìlọrin, ta ni ì bá gbọ́? Mélòó ni kò tilẹ̀ súnmọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, nítorí wọ́n ti mọ èsì kí wọ́n tó béèrè? Ìwọ̀sí ẹni ńlá ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí kò lórúkọ.

Cummings padà sílé. Lóṣù kẹfà 1948, ọkọ̀ òkun Empire Windrush gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn láti Jamaica àti àwọn erékùṣù ìtòsí rẹ̀ dé Tilbury. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Àwọn tó lé ní 200 nínú wọn kò ní ibi tí wọ́n máa forí lé. Ta ni Colonial Office rán lọ pàdé wọn? Cummings yìí kan náà ni. Ó wà lára àwọn tó ṣètò kí wọ́n sùn sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan ní Clapham, èyí tí wọ́n gbẹ́ nígbà ogun kí bọ́ǹbù má baà pa ènìyàn. Kì í ṣe ààfin, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì wà, òjò kò sì pa wọ́n. Brixton ni ọ́fíìsì tó ń báni wáṣẹ́ tó súnmọ́ wọn jù lọ wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí a bá ní kí wọ́n fẹ́ni lójú, ata ni wọ́n ń fi sẹ́nu. Ti Cummings kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyà tó jẹ ẹ́ kò sọ ọ́ di ẹni tó ń fi ìyà jẹ àlejò.

Ṣé gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ní 1969, ìjọba Ghana lé àwọn àjèjì. Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ní 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana. Báàgì tí wọ́n di ẹrù wọn sí, orúkọ "Ghana Must Go" ni ọjà ṣì ń pè é. Onílé àná ló ń di àlejò.

Lónìí, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó máa lé dúdú l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń wá yàrá léèrè ohun tí ojú wọn ń rí. Àwọn onílé kan kò tíì béèrè owó tí wọ́n ti ń béèrè ìlú. "Ọmọ ibo ni ẹ́? Ṣé o lọ́kọ?" Ọmọge tó ń ránṣọ, opó tó ń ta ẹja, wọ́n ka owó sílẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún wọn. Kí onílé béèrè onígbọ̀wọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kó béèrè ìwà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kó wo ojú ènìyàn lásán kó sì sọ pé kò sí yàrá, iṣẹ́ Bristol ló ń ṣe yẹn.

Hòtẹ́ẹ̀lì yẹn gba àlejò púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀, ó sì tọ́jú wọn. Kò sẹ́ni tó ń ka orúkọ wọn mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n lé ni ìtàn ń rántí.