Mo Lọ Gbé Ọmọ Ajá ní Ẹ̀pẹ́

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbéra láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ránṣẹ́ pé ajá òun bí márùn-ún, kí n wá mú ọ̀kan. Àwọn ọmọ mi ti sọ ajá tí wọn kò tíì rí ní Tanímọ̀la.

Ọkọ̀ wa kọjá Odogunyan, ó kọjá Ìmọ̀tà níbi tí ìjọba ti ṣí ilé ìlọrẹsì ńlá ní 2023. Láti Ìtòikin lọ, oko àti igbó ló pọ̀. Ajá kò wọ́n lójú ọ̀nà: ọ̀kan ń tiro, òmíràn ń tú ààtàn, ọ̀kan sì kú sórí ọ̀dà. Mo ní, àwọn wọ̀nyí náà ti jẹ́ ọmọ ajá tí ẹnìkan gbé jó rí.

Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, mo gba Ọjà Olúwo kọjá, níbi tí àrọ̀, èpìyà àti akàn ti kún igbá. Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni ìyá àgbà ń gbé, láàrin ọmọ àwọn tí ó bá Ọba Kòsọ́kọ́ sá wá lẹ́yìn ogun Èkó ti 1851. Ọba náà padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn rẹ̀ kò kúrò mọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀. Àwọn ọmọ ajá náà ti pé oṣù méjì, wọ́n sì ti já lẹ́nu ọmú. Bí mo ti gbé ọ̀kan, ìyá àgbà dì mí lọ́wọ́ mú.

"Tíṣà, ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ?"

"Àwọn ọmọ ni, mà."

"Bí ẹ bá lọ ṣe ọdún nílé ńkọ́? Ṣé ilé yín ní ọgbà? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé gbà?"

N kò lè fèsì. Ìtìjú mú mi, nítorí mo rántí ajá tí mo ní kí n tó gbéyàwó. Mo so ó mọ́lẹ̀, mo fi lé ọmọ aládùúgbò lọ́wọ́, mo sì lọ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo dé, okùn tó já nìkan ni mo bá.

Ìyá àgbà kò tíì sinmi. "Owó abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ńkọ́?"

Òótọ́ ni. Bí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta, ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ náà, kí a sì máa tún un gbà fún un bí dókítà ẹran bá ti là á sílẹ̀. Bí àmì àrùn dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo gbé ọmọ ajá náà padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹja yíyan nìkan ni mo gbé délé. Àwọn ọmọ mi sunkún, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi owó abẹ́rẹ́ sínú kóló, mo sì ti lọ bá onílé sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà ní òun yóò fi ọ̀kan dè wá.

Ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn ní í pa ọ̀bọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ di ẹni ẹ̀yìn náà, kí a tó gbé ajá wálé.